Ọmọ ló ni ehoro, òbí ni òfin mọ̀

Ọmọ tí a bí sí ìlú òyìnbó, bó pẹ́ bó yá, á tọrọ ẹran ọ̀sìn. Ajá ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Tí òbí bá ti ní òun ò lè máa mú ajá jáde nínú òtútù oṣù kìíní, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ sórí ológbò, láti orí ológbò wọ́n á dé orí ehoro, títí ọ̀rọ̀ á fi dórí ẹja kékeré inú ìgò. Nílé tiwa, orí ehoro la wà báyìí. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti ya àwòrán ilé tí ehoro máa gbé, ó ti kọ orúkọ méjì sábẹ́ ẹ̀, ó sì ti ṣèlérí pé òun fúnra òun lòun á máa gbálẹ̀ ibẹ̀. Màmá mi wo àwòrán náà dáadáa, wọ́n wá bi mí pé ṣé ti ọbẹ̀ ni àbí ti asun.

Kí n tó dá ọmọ lóhùn, mo jókòó ka òfin. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ó sì ti mọ́ mi lára pé kí n ka ìwé tó bá nǹkan wá kí n tó tan iná sí i. Òfin tí mò ń sọ ni Animal Welfare Act ti ọdún 2006, òun ló ń ṣiṣẹ́ ní England àti Wales. Scotland ní tirẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà, Northern Ireland ṣe tirẹ̀ ní 2011. Kò le kà bí mo ṣe rò. Ibì kan wà nínú abala kẹta rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Ó ní ẹni tó bá ni ẹran, ẹrù ẹran náà wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé tí ẹni tí ẹran wà níkàáwọ́ rẹ̀ kò bá tíì pé ọmọ ọdún 16, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ yẹn lẹrù náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọmọ lè sọ ehoro lórúkọ, ó lè máa gbé e káàkiri, ó lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ilé ehoro. Tí nǹkan kan bá ṣe ehoro, èmi ni wọ́n máa bi. Níbi iṣẹ́ wa náà bẹ́ẹ̀ ló rí: tí nǹkan bá bàjẹ́ ní aago mẹ́ta òru, a kì í wá ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ pé òun ló ń bójú tó o la máa ń jí. Òfin náà tún ti ilẹ̀kùn mìíràn pa. Abala 11 ní kí ẹnikẹ́ni má ta ẹran fún ọmọ tí kò tíì pé 16, kí wọ́n má sì fún ọmọ tó dá wá síbi ìpàtẹ eré ní ẹja tàbí ẹran mìíràn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ẹni tó jẹ ayò. Torí náà, tí ẹran bá ti wà nínú ilé wa, àgbàlagbà kan ló ti ní bẹ́ẹ̀ ni.

Tí a bá gbọ́ pé wọ́n gbé ẹnì kan lọ sí kóòtù torí ẹran, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ẹni tó fi igi na ajá tàbí tó da omi gbígbóná sí ológbò lára. Irú wọn wà. Ṣùgbọ́n èyí tó lè bá òbí rere, tó ń jí lọ síbi iṣẹ́, tó ń san owó ilé, tó ń gbé ọmọ lọ síbi ẹ̀kọ́ òdò wíwẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ni àìtọ́jú. Kò sẹ́ni tó na ehoro. Wọ́n kàn gbàgbé ẹ̀ sẹ́yìnkùlé ni. Gbogbo wa la mọ òwe ẹni tó fẹ́ fi igi ṣóṣóró gún ọmọ ẹyẹ, tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Òwe tó dára ni, òun sì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa nípa àánú. Àmọ́ ẹni tó mú igi lọ́wọ́ ló ń bá wí. Kò bá ẹni tó ti ilẹ̀kùn ilé ẹyẹ tó sì gbàgbé omi sọ nǹkan kan.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Lọ́dún 1822 ni aṣòfin kan tó ń jẹ́ Richard Martin mú kí ilé aṣòfin fọwọ́ sí òfin pé kí wọ́n má hùwà ìkà sí màlúù, ẹṣin, àgùntàn àti irú wọn. Ajá kò sí nínú ẹ̀ títí di 1835. Lọ́dún 1824, ní ilé kọfí kan ní London, Martin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí RSPCA lónìí sílẹ̀; William Wilberforce, tó gbógun ti òwò ẹrú, wà níbẹ̀. Òfin tó gba ọmọ lọ́wọ́ òbí tó ń fìyà jẹ ẹ́ kò dé títí di 1889. Ẹ ṣírò ẹ̀: màlúù fi ọdún 67 ṣáájú ọmọ ènìyàn. Nígbà tí mo sọ èyí fún màmá mi, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti fura.

Fún ẹran inú ilé, bí ọ̀rọ̀ ṣe wá rí fún ìgbà pípẹ́ ni pé ẹran gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jìyà kí òfin tó lè yọjú. Aládùúgbò lè máa wo ajá tó ń rù sí i lójoojúmọ́, kí àwọn aláyẹ̀wò wá, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì padà, torí ajá ò tíì rù tó. Ohun tí òfin 2006 yí padà nìyẹn. Abala kẹsàn-án rẹ̀ sọ pé ẹni tí ẹrù ẹran wà lọ́rùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ohun tí ẹran nílò, yálà ẹran ti ń jìyà o, tàbí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ibi tó ń gbé bá a mu, kí oúnjẹ rẹ̀ bá a mu, kó ráyè hùwà bí irú rẹ̀ ṣe máa ń hùwà, kí wọ́n fi í sọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ tàbí kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ bó bá ṣe yẹ, kí wọ́n sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìrora, ìpalára àti àìsàn. Gbogbo ẹran tó ní eegun ẹ̀yìn tí ènìyàn ń sìn ló kàn, adìẹ àti ẹja inú ìgò náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ehoro wò ó, torí ehoro ni ọ̀pọ̀ òbí rò pé ó rọrùn jù. Eyín ehoro kì í dúró. Ó ń hù títí ọjọ́ ikú ẹ̀, koríko gbígbẹ tó ń rún láti àárọ̀ dalẹ́ ló sì ń bá a fá a kù. Èyí tí wọ́n bá ń fún ní kìkì kárọ́ọ̀tì, bíi ti inú fíìmù ọmọdé, eyín ẹ̀ á gùn, á máa gún un lẹ́nu, kò ní lè jẹun mọ́. Ikùn rẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ dúró. Ehoro tí kò bá fẹnu kan nǹkan fún bí wákàtí 12, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Nígbà ooru, tí ìdí rẹ̀ bá dọ̀tí, eṣinṣin á yé ẹyin sí i lára, ẹyin á di ìdin láàárín wákàtí díẹ̀, ìdin á sì máa jẹ ẹ́ láàyè. Mo mọ̀ pé kò dùn ún kà lórí oúnjẹ àárọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ká máa yẹ ìdí ehoro wò lójoojúmọ́, nígbà ooru kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ta ni nínú ilé yín tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ní aago méje àárọ̀, nígbà tí bàtà kan ti sọnù, tí bọ́ọ̀sì ń bọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ bá rí àpótí onígi tó rẹwà níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí àwòrán ehoro wà lára ẹ̀, ẹ rọra. Ehoro máa ń fò, ó máa ń walẹ̀, ó máa ń dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn. Àpótí tí kò lè ṣe èyíkéyìí nínú ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Kì í sì fẹ́ dá gbé. Ọ̀kan ṣoṣo tó ń wo ògiri, tí àwọn ọmọ ń bẹ̀ wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ilé ìwé, kò tíì ní ẹlẹgbẹ́. Méjì ló yẹ, tí dókítà ti tẹ̀ wọ́n lọ́dàá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní pẹ́ di mẹ́wàá. Wọ́n ń pẹ́ láyé ju bí a ṣe rò lọ: ọdún mẹ́jọ sí méjìlá wọ́pọ̀. Ọmọ mi á ti kó lọ sí yunifásítì, ehoro á ṣì wà lẹ́yìnkùlé mi.

Ìdí tí mo fi ń kó gbogbo àlàyé yìí jọ ni pé òfin ò gba "mi ò mọ̀". Abala kẹrin, tó ń sọ nípa ìyà tí kò yẹ kí ẹran jẹ, mú ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tó kọ̀ láti ṣe nǹkan, tó bá ti mọ̀ pé ẹran á tìtorí ẹ̀ jìyà, "tàbí tó yẹ kó mọ̀". Ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn ni mo dúró lé lórí fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó gbé ẹran wọlé ló ní kó lọ kọ́ nípa ẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2021, ẹ̀wọ̀n tó pọ̀ jù fún ẹ̀sùn yìí ti kúrò ní oṣù mẹ́fà, ó ti di ọdún márùn-ún. Kóòtù sì lè fi òfin de ènìyàn pé kó má sin ẹran kankan mọ́, fún ọdún díẹ̀ tàbí títí láé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó kùnà lábẹ́ abala kẹsàn-án, ìwé ni aláyẹ̀wò lè kọ́kọ́ kọ fún un, tó máa sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, àtúnṣe tó yẹ, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Tó bá ṣe é láàárín àkókò yẹn, kò sí ẹjọ́ lórí ẹ̀. Àwọn òbí wa tó kọ́kọ́ dé ìlú yìí ní ìbẹ̀rù kan fún ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú káàdì lọ́rùn, ìbẹ̀rù náà sì ti ràn wá. Torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Òṣìṣẹ́ RSPCA ní England àti Wales kì í ṣe ọlọ́pàá. Wọ́n lè gbọ́ ẹ̀sùn, wọ́n lè gbé ènìyàn lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n wọn ò lágbára láti wọ ilé yín tí ẹ ò bá gbà wọ́n láyè. Ọlọ́pàá àti àwọn aláyẹ̀wò council ni òfin náà fún lágbára, àwọn náà sì nílò ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó wọ ibi tí ènìyàn ń gbé láti wá ẹran. Ní Scotland ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀, torí àwọn òṣìṣẹ́ Scottish SPCA ní àṣẹ lábẹ́ òfin tiwọn. Lójú tèmi o, ẹni tí ẹran rẹ̀ wà dáadáa, kó ṣílẹ̀kùn, kó ní ẹ káàbọ̀, kó fi ehoro hàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Dókítà ẹran wọ́n, kò sì sí NHS fún ajá. Lọ́dún 1917, obìnrin kan tó ń jẹ́ Maria Dickin ṣí ilé ìwòsàn kan ní Whitechapel, ní ìlà oòrùn London, fún ẹran àwọn tálákà. Òun ló di PDSA. Títí di òní, ẹni tó ń gba oríṣi owó ìrànwọ́ ìjọba kan lè rí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tàbí tó dínwó gbà níbẹ̀. Tí apá ò bá ká a mọ́ rárá, kíké sí ẹgbẹ́ tó ń gba ẹran kì í ṣe ìtìjú. Gbígbé e jù sínú igbó tàbí fífi í sílẹ̀ nínú ilé tí a kó kúrò ni ẹ̀ṣẹ̀. Ajá gbọ́dọ̀ ní microchip lábẹ́ awọ láti 2016. Ní England ológbò náà gbọ́dọ̀ ní in láti oṣù kẹfà 2024. Ẹran tí wọ́n gbé jù sígbó, tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ ẹni tó ni ín lè jáde.

Ẹ̀yin tí ìyá yín wá bá yín gbé, tí wọ́n ti ń wo ẹ̀yìnkùlé bí ibi tó dára fún adìẹ mẹ́wàá, èyí kàn yín. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹnikẹ́ni tó bá ń sin adìẹ ní England tàbí Wales, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ da oúnjẹ àjẹkù fún wọn láti inú ilé ìdáná tí wọ́n ti ń se ẹran tàbí ẹja. Àkàrà àná, ìyókù ìrẹsì, àní ewébẹ̀ tó ti kọjá nínú ilé ìdáná yẹn, kò sí ààyè. Torí àrùn ni. Ẹ lọ ṣàlàyé fún màmá, èmi ò ní bá yín lọ.

Nígbà tí mò ń kọ́ Yorùbá fúnra mi, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dà mí lójú rú: sìn. A ń sin Ọlọ́run. A ń sin òbí wa. A ń sin ẹran, ibẹ̀ ni ọ̀sìn ti wá. Ìjọba òyìnbó tó gba ilẹ̀ baba wa, amúnisìn la pè é. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni, títí ẹnì kan fi jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹyọ kan náà ni. Àmì ìsàlẹ̀ orí ẹ̀ ló máa ń sọnù tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀lé e, ìdí nìyẹn tó fi dà bí sin ti sin òkú nígbà tí a bá sọ pé a ń sin ajá. Mo fẹ́ràn pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan fún títọ́jú ẹran àti òmíràn fún sísin àgbà. Ẹni tó ń jí ní àárọ̀ kùtù láti gbé omi fún àgbà àti ẹni tó ń jí láti gbé omi fún ewúrẹ́, ìsìn ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Tí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ ajá, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ní Yorùbá: "Ṣé wàá lè sìn ín?" Ẹ jẹ́ kó ronú lórí ìbéèrè yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ẹ lè kọ́ wọn ni bọ́. "Ṣé o ti bọ́ ajá?" túmọ̀ sí pé ṣé o ti fún un lóúnjẹ. Ẹ rí i pé ohùn òkè wà lórí ẹ̀, torí bọ tí kò ní àmì, ti ẹni tó ń bọ Ògún ni, a sì mọ ohun tí Ògún máa ń gbà. Àwọn ọmọ wa á gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí níbì kan, nílé ìwé tàbí lórí fóònù, pé àwọn Yorùbá ń pa ẹran fún òrìṣà, wọ́n á sì wá béèrè bóyá ìyẹn kì í ṣe ìwà ìkà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí rí. Ìlú Hialeah ní Florida ṣe òfin lọ́dún 1987 láti dí ìjọ kan lọ́wọ́, orúkọ ìjọ náà ni Church of the Lukumi Babalu Aye. Tí ẹ bá fetí sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ Ọbalúayé nínú ẹ̀. Lukumí ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa ní Cuba. Lọ́dún 1993, gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án fẹnu kò pé òfin náà kò bá ìwé òfin Amẹ́ríkà mu, torí ẹ̀sìn kan ṣoṣo ló dojú kọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mú nínú ìdájọ́ náà ni ibi tí wọ́n ti sọ pé tó bá jẹ́ ìtọ́jú ẹran ló ń dun ìlú náà lóòótọ́, kí wọ́n ṣe òfin lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹran, láìka ìdí tí ènìyàn fi ń sìn ín sí. Yálà fún òrìṣà ni, fún ọbẹ̀ ni, fún ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ìbéèrè kan náà ni: ṣé ó rí omi mu? Ní Brazil, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ gba irú ẹbọ bẹ́ẹ̀ láyè lọ́dún 2019, ìjọba wọn sì tún sọ ìyà ẹni tó bá hùwà ìkà sí ajá tàbí ológbò di ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sí márùn-ún lọ́dún 2020. Cuba ṣe òfin tirẹ̀ fún àlàáfíà ẹran lọ́dún 2021. Ẹ̀yin ará Canada, àìfún ẹran lóúnjẹ, omi àti ibùgbé wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn yín gan-an.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù ni nígbà tí a bá gbé àwọn ọmọ lọ sílé. Wọ́n á rí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, tí orí ẹ̀ dojú kọlẹ̀, lára ọ̀kadà. Wọ́n á rí ajá tí egungun ìhà rẹ̀ ń yọ. Tí wọ́n bá padà dé, wọ́n á sọ fún olùkọ́ wọn pé ní Nàìjíríà kò sí òfin fún ẹranko. Òfin wà o. Abala 495 nínú Criminal Code Nàìjíríà, tó wà láti ayé amúnisìn, ka lílu ẹran nílùkulù, gbígbé ẹrù tó pọ̀ jù lé e, àti gbígbé e lọ síbi kan lọ́nà tí yóò fi jìyà láìnídìí, sí ẹ̀ṣẹ̀. Adìẹ orí ọ̀kadà yẹn wà nínú ẹ̀. Ìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn àádọ́ta náírà, tàbí méjèèjì. Àádọ́ta náírà! Kò ra ẹyin kan báyìí. Ohun tí mo ń sọ fún ọmọ mi ni pé òfin méjèèjì, tibí àti tọ̀hún, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Ọ̀kan rí ẹni tó ń tún un ṣe, èkejì kò rí. Mo sì máa ń fi kún un pé ọdẹ ilé wa, tó ń pa ẹran jẹ, ní oríkì fún erin àti ẹfọ̀n, ó mọ ìrìn wọn, ó mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé ehoro sẹ́yìnkùlé níbí kò mọ tó bẹ́ẹ̀ nípa ehoro.

Ìrìnàjò ilé yẹn gan-an ló wá kù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ta ló máa wà pẹ̀lú ẹran? Kí aládùúgbò kàn máa yọjú láti ju oúnjẹ sílẹ̀ lè tó fún ẹja. Kò tó fún ehoro, kò sì tó fún ajá rárá. Ẹni tí ẹ bá gbé e fún, òfin ka òun náà sí ẹni tí ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀ fún ìgbà tó bá fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tiyín kò kúrò, ẹ ì báà wà ní Ìbàdàn. Torí náà ẹ sọ fún un kó tó gbà, ẹ má jẹ́ kó rò pé ojú rere lásán ni. Ẹ kọ ohun tí ẹran ń jẹ sílẹ̀ àti iye ìgbà tó ń jẹ ẹ́. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì dókítà ẹran kí ẹ tó lọ, ẹ sọ orúkọ ẹni tó lè gbé e wá, kí ẹ sì fi iye tí ẹ fọwọ́ sí pé kí wọ́n ná sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì tí fóònù yín kò lọ. Nọ́ńbà Nàìjíríà yín ni kí ẹ fún wọn, kì í ṣe tibí.